Bí orin ìwé ṣe lè dùn lórí píánò láìdí ìjọ lọ́wọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ìjọ wa wà ní Àjárà, ní Àgbádárìgì níbí. Kíbọ́ọ̀dù ni mò ń tẹ̀, etí ni mo fi kọ́ ọ, kọ́rọ́ọ̀sì kì í sì í dà mí láàmú. Bàbá tó máa ń tẹ orin ìwé fún wa ti fẹ̀yìn tì nítorí ojú tó ń dùn wọ́n, ni wọ́n bá ní kí n bọ́ sípò wọn. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé, ṣe ló máa ń gbẹ. Bí mo bá fi nǹkan tèmi kún un, àwọn àgbà ìjọ á ní mò ń da orin rú, àwọn èèyàn á sì máa dákẹ́ díẹ̀díẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè ṣètò orin ìwé kó bá píánò mu, kí n sì máa fi àtinúdá sí i láìdí ìjọ lọ́wọ́? Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n ní kí ìjọ ra kíbọ́ọ̀dù tuntun ni, àbí kí n máa lo píánò àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ Olúwa. Àwọn àgbà yẹn kò purọ́ mọ́ ọ, kì í sì í ṣe pé wọ́n kórìíra nǹkan tuntun. Ìjọ tó bá ń dákẹ́ láàárín orin tí wọ́n ti mọ̀ láti kékeré, ohun kan ló já wọn sílẹ̀: wọn ò gbọ́ ibi tí ìlà parí sí mọ́, wọn ò sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n mí. Láìtíì gbọ́ ọ rí, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo àtinúdá rẹ wà. Ọ̀tún á máa sáré gòkè sáré sọ̀ kalẹ̀ bíi tàwọn tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń wò lórí YouTube, òsì á wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, á máa lu kọ́ọ̀dù (àwọn ohùn tí a tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) mẹ́ta kan náà, gbì, gbì, gbì. Yí i padà. Òsì ni kó o fún ní iṣẹ́ tó gba ọpọlọ, kí ọ̀tún máa gbé ohùn orin fún ìjọ ní kedere. Ìdáhùn mi kò ju ìyẹn lọ. Àlàyé rẹ̀ ló gùn.

Kọ́kọ́ mọ ìdí tó fi ń gbẹ. Ohùn mẹ́rin tó wà nínú ìwé, súpíránò, áltò, tẹ́nọ̀ àti báàsì, ẹnu èèyàn ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ẹnu lè fa ohùn gùn títí èémí á fi tán. Dùùrù ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì náà lè fà á, níwọ̀n ìgbà tí ìka bá ṣì wà lórí rẹ̀. Píánò kò rí bẹ́ẹ̀. Òòlù kékeré inú rẹ̀ á gbá wáyà lẹ́ẹ̀kan, láti ìgbà yẹn lọ ni ohùn náà sì ti ń kú. Ẹni tó bá tẹ ohùn mẹ́rin yẹn lórí píánò bí ìwé ṣe kọ ọ́, tí kò fi pẹ́dà, ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí ohùn lè gùn, sí i, ohùn tó gé kélekèle ló máa gbọ́.

Nítorí náà, tún ohùn mẹ́rin náà pín. Mú tẹ́nọ̀ lọ sọ́wọ́ ọ̀tún, kí ọ̀tún di ohùn mẹ́ta mú, kí súpíránò máa wà lókè pátápátá lábẹ́ ìka tó kẹ́yìn. Òsì á wá kù pẹ̀lú báàsì nìkan, á sì tẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po méjì: bó bá jẹ́ d (lára d r m f s l t ti sol-fa) ni, ọmọńdinrín lórí d ìsàlẹ̀, àtàǹpàkò lórí d tó tẹ̀ lé e lókè. Ìyẹn nìkan á ti jẹ́ kí ilé kún. Fi ẹsẹ̀ sí pẹ́dà, ṣùgbọ́n gbé e sókè kó o sì tún un tẹ̀ nígbàkigbà tí kọ́ọ̀dù bá yí. Nínú orin ìwé, kọ́ọ̀dù lè yí lórí gbogbo sílébù, nítorí náà ẹsẹ̀ rẹ kò ní sinmi. Bó o bá dì í mọ́lẹ̀ títí ìlà fi parí, gbogbo rẹ̀ á dàpọ̀ mọ́ra, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohun tí báàsì ń sọ. Ohun kan tún wà: nísàlẹ̀ pátápátá lápá òsì, má ṣe tẹ d àti m pọ̀. Wọ́n á máa kùn ni, ohùn wọn kò ní mọ́. D pẹ̀lú s dára níbẹ̀, d pẹ̀lú d dára jù. Fi m sílẹ̀ fún ọwọ́ ọ̀tún.

Ó yá, jẹ́ ká mú orin kan ká fi ṣe é. Mo mú ohùn tí àwọn ìwé orin ń pè ní Old Hundredth, nítorí kò sí ìjọ orin ìwé tí kò mọ̀ ọ́n, ó sì ti pẹ́: inú ìwé Sáàmù tí wọ́n tẹ̀ ní Geneva ní 1551 ló ti jáde, Louis Bourgeois ni wọ́n sì máa ń sọ pé ó ṣe é. Ìlà mẹ́rin ni, sílébù mẹ́jọ mẹ́jọ, èyí tí ìwé ń kọ L.M. sí lórí. Ìlà kìíní rẹ̀ rèé ní sol-fa, tó o bá fi G ṣe d:

d d t l s d r m

(t, l àti s yẹn, ti ìsàlẹ̀ ni.) Ẹni tó fi etí kọ́ kíbọ́ọ̀dù, tí kọ́ọ̀dù mẹ́ta ló mọ̀, báàsì tó máa fi sábẹ́ rẹ̀ ni d d s f d d s d. Kò sí èyí tó ṣì nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ òun nìkan pẹ̀lú òsì, kó o gbọ́ ọ: lẹ́yìn f yẹn, ó kàn dúró sójú kan lórí d ni. Wàyí o, tẹ èyí:

d d s l m l s d

Ọ̀kan lára báàsì tí àwọn akọrin ti ń kọ sábẹ́ ìlà yẹn láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Wo bó ṣe ń rìn. Ó gba ibi l kọjá, ó lọ fara kan m, ó padà sórí l, ó wá gba s wọlé. Ìwọ fúnra rẹ á gbọ́ pé orin náà ti ní nǹkan tó ń tì í lọ síwájú, o kò sì tíì fi ohunkóhun kún un lọ́wọ́ ọ̀tún.

Bí mo ṣe fẹ́ kó o kọ́ ọ nìyí. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, má tẹ kọ́ọ̀dù kankan. Òsì á máa tẹ báàsì, ẹnu rẹ á máa kọ ohùn orin. Nígbà tó bá mọ́ ọ lára, pààrọ̀: ọ̀tún á máa tẹ ohùn orin, ẹnu rẹ á máa kọ báàsì. Èyí ló nira, òun náà ló sì ń la etí. Bí ohùn orin àti báàsì bá dùn láwọn méjì péré, ohunkóhun tó o bá kì bọ àárín wọn á dùn. Bí àwọn méjèèjì kò bá dùn, kò sí bó o ṣe lè kó kọ́ọ̀dù jọ sí i tí kò ní ṣe gọ́ọ́gọ̀ọ́.

Lẹ́yìn èyí ni àtinúdá wá bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ òsì náà ló sì ti máa bẹ̀rẹ̀. Wo ìparí ìlà yẹn, s d. Pín kíkà s sí méjì, kó o fi t sí ìdajì kejì: s-t d. Ohùn orin wà lórí r lásìkò yẹn, t àti r kò sì ní bá ara wọn jà. Àwọn àgbà ìjọ kò ní mọ ohun tó o ṣe, wọ́n á kàn rí i pé ó rọrùn fún wọn láti wọ d. Wá wo ìlà kẹta, d r m r d l t d. Báàsì tó rọrùn níbẹ̀ ni d s d s l f s d. Ní ẹsẹ kejì tàbí ìkẹta, yí s méjèèjì iwájú yẹn sí t: d t d t l f s d. Kọ́ọ̀dù kò yí, kọ́ọ̀dù s (s t r) náà ni, t inú rẹ̀ lo kàn fi sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n báàsì tó ń fò tẹ́lẹ̀ ti wá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ báyìí.

Fún ẹsẹ tó kẹ́yìn, ìlà kẹrin ni mo máa ń tọ́jú agbára sí: s m d r f m r d. S àkọ́kọ́ yẹn ló ga jù nínú gbogbo orin náà. Di s mú nísàlẹ̀ pátápátá, ìlọ́po méjì, kó o máa tún un gbá lórí kíkà kọ̀ọ̀kan, má kúrò níbẹ̀ bí ohùn orin ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lókè, títí d tó gbẹ̀yìn á fi dé. Ìgbà yẹn ni kó o tó jẹ́ kí báàsì wálẹ̀ sórí d. Gbogbo ohùn ìlà yẹn ló lè jókòó lórí s láìbàjẹ́. Ṣe é nínú ilé ìjọsìn tó kún, wàá rí bí àwọn èèyàn ṣe máa fi gbogbo ọ̀nà ọ̀fun wọn kọ d yẹn.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò gbọ́dọ̀ fò. Bí ẹgbẹ́ akọrin bá ń kọ ohùn mẹ́rin, má yí kọ́ọ̀dù padà lábẹ́ wọn. Tẹ́nọ̀ tó ti kọ́ ohun tó wà nínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó wá gbọ́ ohun mìíràn lọ́jọ́ Sunday, á rò pé òun ló ṣì í, á gbé ohùn rẹ̀ rá. T tí mo ní kó o fi kún báàsì lè kọjá níbẹ̀, kọ́ọ̀dù tuntun ni kò lè kọjá. Bá ọ̀gá akọrin sọ ọ́ níbi ìdánrawò, kí ẹ jọ fẹnu kò sí ẹsẹ kan, ẹ̀yìn pátápátá ló dára jù, tí gbogbo èèyàn á kọ ohùn kan ṣoṣo. Inú ẹsẹ yẹn ni kó o ti ṣe bó ṣe wù ọ́.

Èémí ńkọ́? Mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ìjọ yín ti ń já bọ́. Ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò fún ìwọ̀n tí èèyàn fi ń mí, gbé ẹsẹ̀ náà. Ìdákẹ́ kékeré yẹn wà lára orin. Àwọn tó ń fi eré ìka dí i ló ń sọ ìjọ di aláìléèémí. Láàárín ẹsẹ sí ẹsẹ, mú iye kan kó o má yẹ̀ ẹ́: di kọ́ọ̀dù ìkẹyìn mú fún kíkà mẹ́ta, dákẹ́ fún ọ̀kan, wọlé. Bí ìjọ bá ti mọ iye yẹn, wọn ò ní máa wojú ara wọn mọ́ lórí ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Fún ìbẹ̀rẹ̀ orin, má tẹ gbogbo ẹsẹ kan tán kí wọ́n tó kọ ọ́. Ìlà kìíní àti ìkẹrin tó. Ìlà kìíní á sọ orin tó jẹ́ fún wọn, ìkẹrin á gbé wọn padà wá sórí d. Bó o bá sì ṣe fẹ́ kí wọ́n yára sí ni kó o ṣe tẹ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mú ìwọ̀n.

Jẹ́ kí n wá wọ apá tó kan àwa Yorùbá gan-an, tí ẹni tó ń kọ́ni ní píánò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Amẹ́ríkà kò lè sọ fún ọ.

Ìlú wa níbí ni Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí ní oṣù Kẹsàn-án 1842, Henry Townsend sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Àwọn míṣọ́nárì bíi tiwọn mú hímù ilẹ̀ wọn dání. Nígbà tí wọ́n wá ń túmọ̀ wọn sí Yorùbá, sílébù ni wọ́n kà kó lè bá ohùn Gẹ̀ẹ́sì mu, wọn ò ro ti àmì ohùn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gòkè fi ń wálẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ orin ìwé wa, tó fi jẹ́ pé àlejò tó bá gbọ́ ọ láìwo ìwé lè má mọ ohun tí à ń wí. Ìjọ ti gba ìyẹn mọ́ra, ìwọ kò lè tún un ṣe láti orí píánò, má sì gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwọ bá dá sílẹ̀ fúnra rẹ, nínú àlàfo tí ìjọ fi sílẹ̀, ti tìrẹ ni. Níbẹ̀, o kò ní àwíjàre.

Etí Yorùbá kì í gbọ́ ohùn lásán. A ti bá gángan gbé pẹ́ jù. Bí ọwọ́ ọ̀tún rẹ bá tẹ ohùn márùn-ún nínú àlàfo lẹ́yìn ègbè, ẹni tó jókòó lórí àga á ti máa wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu láìmọ̀. Bó bá rí ọ̀rọ̀ náà, inú rẹ̀ á dùn, bí kò bá rí i, ariwo ló máa kà á sí. Nítorí náà, kí ìka rẹ tó tẹ ohunkóhun, kí ẹnu rẹ ti sọ ọ́. Mú gbólóhùn kan tó bá orin mu, bíi “Ògo fún Olúwa”. Sọ ọ́ bó o ṣe máa sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́: dò re mí re mí re. Gbé e sórí píánò nínú d r m s l: d m s m s m. Tẹ̀ ẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀, àbí kò sọ ọ́? Tún un tẹ̀ pẹ̀lú l ìsàlẹ̀: l d m d m d. Ó ṣì ń sọ ohun kan náà. O lè fẹ àyè tó wà láàárín ohùn kan sí èkejì, o lè fún un pọ̀, o lè fi ìka kan wọ́ ọ lọ sórí èkejì bí onígángan ṣe ń wọ́ ọ. Ohun tó ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó o gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti wálẹ̀. Bó o bá tẹ s m d m d m, o ti dojú gbólóhùn yẹn dé, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ “Ògo” níbẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church ní Marina, Èkó, láti 1914 títí di 1962, kọ ìwé kan lórí rẹ̀ ní 1953, pé ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin kò ṣeé yà sọ́tọ̀ ní Yorùbá. Ṣáájú rẹ̀, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti ń kọ orin ìjọsìn sí ohùn ìbílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bàjẹ́, ó sì ti gbé wọn sínú àwo ní London ní 1922. Fela Ṣówándé, tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin Phillips nígbà tó wà lọ́mọdé, wá mú irú ohùn bẹ́ẹ̀, ó sọ wọ́n di orin dùùrù ńlá. Wá orin dùùrù Ṣówándé gbọ́, kó o fetí sí bí ohùn ìbílẹ̀ náà ṣe máa ń hàn kedere bó ti wù kí kọ́ọ̀dù abẹ́ rẹ̀ le tó. Òun ni mo máa fi ṣe olùkọ́ bó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, dípò àwọn eléré ìka yẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo gbà ọ́ níyànjú fún orin ìbílẹ̀ àti kọ́rọ́ọ̀sì tó o ní kò dà ọ́ láàmú. Púpọ̀ nínú wọn, ohùn márùn-ún yẹn péré ló wà nínú wọn, kò sí f, kò sí t. Bó o bá ń kó kọ́ọ̀dù tó kún fún f àti t sábẹ́ wọn, wọ́n á máa dún bí orin òyìnbó. Jẹ́ kí òsì máa fi d àti s tẹ̀ lé ìlù, kí ọ̀tún máa gbe ègbè lẹ́yìn. Kò sì pọn dandan kí gbogbo ègbè ní ohùn méjì: ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ ní ohùn kan, bíi tàwọn ará Ọ̀yọ́, kọ ọ́ ní ohùn kan. Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ló fẹ́ràn kí ohùn kejì máa tọ èkíní lẹ́yìn. Nígbà tí lílé bá ń lé, dákẹ́ tàbí kó o rọra di kọ́ọ̀dù kan mú. Àlàfo tìrẹ ni ẹ̀yìn ègbè.

Tí agogo bá ń lu kọ́ńkóló, kà á dáadáa kó o tó bọ́ sínú rẹ̀. Ka ení dé èjìlá. Agogo náà ń bọ́ sórí 1, 3, 5, 8 àti 10. Fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ lórí 1, 4, 7 àti 10, kó o máa fi ọwọ́ pa agogo náà sórí tábìlì títí kò fi ní da ọ́ rú mọ́. Báàsì rẹ á tẹ̀ lé ẹsẹ̀, ọ̀tún á tẹ̀ lé agogo. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí píánò ṣe lè ṣe bí ìlù. Tìrẹ kò ní le tó tirẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Àjárà: mo mọ̀ pé ẹ máa ń kọ orin Ègùn pẹ̀lú. Èdè Ègùn náà ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ tirẹ̀, tí kì í ṣe ti Yorùbá. Kó o tó fi ohunkóhun kún orin Ègùn, bẹ ìyá kan nínú ìjọ tó gbọ́ ọ dáadáa kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ lẹ́nu lásán, kó o tẹ̀ lé bó ṣe sọ ọ́.

Nípa gbígbé kíì, ìyẹn ibi tí d orin wà, sókè ní ẹsẹ ìkẹyìn, mo mọ̀ pé ó wù ọ́, ó ń wu gbogbo yín. Má ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìsìn kan. Old Hundredth ní G dé D òkè tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló sì yẹ kó jẹ́ òpin fún ọ̀pọ̀ ìjọ, pàápàá ní ìsìn àárọ̀ kùtù tí ọ̀fun kò tíì jí. Bó o bá gbé e sí A-flat, E-flat ni wọ́n máa kọ, wọ́n á ṣì rí i ṣe. Má kọjá ibẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn láti dé ibẹ̀ ni kó o di G mú lókè lẹ́yìn tí ẹsẹ parí, kó o yí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sí kọ́ọ̀dù E-flat tó ní D-flat nínú. G kò kúrò níbi tó wà, ṣùgbọ́n etí gbogbo èèyàn á ti mọ̀ pé ilé tuntun là ń lọ. Má lo bọ́tìnnì transpose, èyí tó ń gbé ohùn gbogbo kíbọ́ọ̀dù sókè tàbí sísàlẹ̀, fún èyí. Ọjọ́ tó o bá gbàgbé láti dá a padà, gìtá àti ìwọ, kálukú á wà ní ìlú tirẹ̀.

Ìgbà ọrẹ ni àyè tìrẹ, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò kọrin. Mú orin ìwé kan tí wọ́n mọ̀. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ohùn orin lábẹ́ àtàǹpàkò òsì níbi tí tẹ́nọ̀ máa ń kọ, kọ́ọ̀dù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lókè rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, gbé ohùn orin sókè, kí òsì máa fọ́ kọ́ọ̀dù sí wẹ́wẹ́. Láàárín, o lè dúró lórí kọ́ọ̀dù l fún ìlà kan tàbí méjì kí ojú ọjọ́ orin náà yí padà, kó o tó padà sílé. Bí àwọn tó ń gba ọrẹ bá parí lójijì, wá d kó o parí. Má jẹ́ kí àlùfáà máa dúró dè ọ́.

Bí NEPA bá mú iná láàárín orin, tí kíbọ́ọ̀dù kú, ìjọ á máa kọ ọ́ lọ, bó ṣe yẹ nìyẹn. Bí jẹnẹrétọ̀ bá dé, má kàn bọ́ sínú rẹ̀. Ohùn wọn lè ti wálẹ̀ díẹ̀ kúrò ní kíì tó o bẹ̀rẹ̀. Dúró de ẹsẹ tó ń bọ̀, kó o rọra dán báàsì wò nísàlẹ̀ kó o tó gbé ohùn sókè.

Ó kù píánò àtijọ́ yẹn. Àárín ọ̀sà àti òkun la wà. Atẹ́gùn ibí ní iyọ̀, ó sì tutù, ó ń jẹ́ kí wáyà inú píánò dípatà, ó ń jẹ́ kí pákó rẹ̀ wú, kí àwọn òòlù inú rẹ̀ máa há. Kí ìjọ tó dá kọ́bọ̀ kan jọ, ẹ pe ẹni tó ń tún píánò ṣe kó wá ṣí i wò. Ohun méjì ni kẹ́ ẹ bi í. Èkíní, ṣé pákó tó di ìṣo àwọn wáyà mú ṣì le? Bó bá ti là, ìṣo kò ní dúró, ohùn tó bá tún ṣe lónìí á ti já kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má náwó sí i mọ́. Èkejì, ṣé ó lè gbé A rẹ̀ padà dé 440, ìwọ̀n ohùn tí gìtá àti kíbọ́ọ̀dù ń lò? Píánò tó ti pẹ́ tí wọn kò tún ohùn rẹ̀ ṣe lè ti wálẹ̀ tó ìdajì ohùn, bí wọ́n bá sì fà á lójijì, wáyà tó ti dípatà lè já. Bí kò bá lè dé 440, o ṣì lè fi í tẹ orin ìwé fún ìjọ láìsí nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n kò ní bá gìtá àti kíbọ́ọ̀dù ṣe pọ̀. Bó bá yege lórí méjèèjì, ẹ gbé e kúrò lẹ́bàá fèrèsé àti ibi tí oòrùn ń pa, kó o sì máa lò ó. Bí kò bá yege, tó di pé ẹ máa ra kíbọ́ọ̀dù, má wo èyí tó ní oríṣiríṣi ìlù àti ariwo nínú. Sọ fún wọn pé èyí tó gùn bíi píánò gan-an lo fẹ́, tí ibi tí ìka ń tẹ̀ lórí rẹ̀ jẹ́ 88 pátá, tó sì wúwo lọ́wọ́ bí a bá ń tẹ̀ ẹ́. Bí owó kò bá tó, ẹ lo kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ yín lọ ná, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ra pẹ́dà sí i.